Orúkọ Tí A Fún Aláṣọ-Pupa

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwa Odawa, àwa onílẹ̀ etí adágún, ò gbọ́n, ẹ má bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ ní kó kọ́kọ́ jókòó, kó gbọ́ irú ìwà òmùgọ̀ tí a hù. A ò ta ilẹ̀ wa nítorí ọtí bí àwọn kan ti ṣe. A ò sá lójú ogun. Orúkọ òkú ọmọ wa la fún àlejò, a sì rò pé orúkọ náà á dì í mú.

Èmi Kinoje ni mo jẹ́ ẹnu fún àwọn àgbà wa. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò awọ ni mo ti gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí mò ń bá wọn tu ọkọ̀, nítorí náà kò sí ìpàdé tí àwọn Aláṣọ-Pupa, ìyẹn àwọn sójà ọba Gẹ̀ẹ́sì, bá wa ṣe tí kì í ṣe èmi ni mo dúró láàárín. Inú mi máa ń dùn sí iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí ló mú kí n kórìíra rẹ̀.

Ìgbà ìrúwé ni. Omi dídì ti yọ́ kúrò lójú adágún, a ti sè ṣúgà omi igi tán, nígbà tí tábà tí Ọ̀gágun Selby, olórí àwọn Aláṣọ-Pupa, fi ránṣẹ́ pè wá bá wa níbi tí a sá sí. Aṣọ funfun ni wọ́n fi dì í, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ àlàáfíà wà nílẹ̀, kí gbogbo àgbà máa bọ̀ ní Erékùṣù Ìjàpá, níbi tí odi rẹ̀ wà. A ti ń gbọ́ ọ fìrìfìrì pé àwọn ońṣẹ́ ọba Aláṣọ-Pupa àti ti àwọn Ọlọ́bẹ-Gígùn, àwọn òyìnbó tí àwa àti Aláṣọ-Pupa jọ ń bá jà, jókòó níwájú ara wọn nílùú kan lókè òkun, wọ́n ń wá bí ogun yìí á ṣe parí. Lójú tiwa, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo ìyẹn: ṣé wọ́n á dá Ẹnu Odò padà fún wa?

Ẹnu Odò ni ilé wa. Ibẹ̀ ni oko àgbàdo ìyá mi wà, ibẹ̀ ni sàréè bàbá mi wà. Àwọn Ọlọ́bẹ-Gígùn ti lé wa kúrò níbẹ̀, síbẹ̀ a yọ́ gbé òkú Wasamo ẹ̀gbọ́n mi lọ síbẹ̀, kó lè sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa.

Inú ọkọ̀ kan náà ni a wà lọ́jọ́ tí à ń kọjá sí erékùṣù náà: èmi, ìyá mi Mijakwat, Kekek ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ balógun wa, àti Nabek ọmọ Kekek. Ìyá mi gbé àpò kan lé itan, kò jẹ́ kí omi ta sí i. Bàtà awọ àgbọ̀nrín tuntun ló wà níbẹ̀, èyí tó fi gbogbo ìgbà òtútù rán, pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀, àti àwo igi tí Wasamo fi ń jẹun nígbà ayé rẹ̀. Ti Ọ̀gágun Selby ni gbogbo rẹ̀.

Nabek kò lè tu ọkọ̀ kó dákẹ́. Ó ní, "Ìyá, ọmọ yín Aláṣọ-Pupa yìí mà ń jayé o. Kì í bá wa ṣọdẹ, kì í bá wa ṣẹ́gi, bàtà tuntun ló sì ń wọ̀. Ẹ wá wo tèmi." Ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti yọjú síta.

"Ìwọ náà lọ kú ná," ni ìyá mi wí. "Tí mo bá ti rí ẹni fi dípò rẹ, màá rán tìrẹ fún un."

Kekek rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi mì.

"Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, Baba," ni Nabek wí. "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Aláṣọ-Pupa ò gba bàtà wa, mo ti wò ó."

"Ẹsẹ̀ Wasamo ni mo fi wọ̀n ọ́n," ni ìyá mi dá a lóhùn. "Ti ọdún tó kọjá sì gbà á."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkùnrin náà ṣe di ọmọ wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú, àwọn Ọlọ́bẹ-Gígùn kó ọkọ̀ ogun wá láti gba Erékùṣù Ìjàpá. Inú igbó la ti pàdé wọn. Ìjà náà ò pẹ́. Èéfín ìbọn ò tíì kúrò láàárín igi tí wọ́n fi ń sá padà sínú ọkọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ọta ti ba Selby nítan, ó ṣubú síbi tí kò sí ẹni tirẹ̀ kankan. Wasamo ló padà lọ gbé e. Ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó wá fẹ̀yìn ti igi. Ìgbà náà la tó rí i pé ọta ti wọ òun náà níkùn. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò ṣú bá a láyé.

Ìyá mi ò jẹun, kò sì ya irun. Lọ́dọ̀ wa, bí òkú bá fi àyè sílẹ̀, a lè fi alààyè dí i, kí ilé má bàa tutù. Nígbà tí ọgbẹ́ Selby san, ìyá mi mú un lọ sétí omi, ó wẹ̀ ẹ́ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó gbé ẹ̀wù Wasamo wọ̀ ọ́, ó bu ẹja àti àgbàdo sínú àwo Wasamo, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ. Ó ní, "Wasamo, o ti dé. Jókòó." Ọkùnrin náà sunkún. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ẹkún òtítọ́ ni.

Lójú gbogbo àgbà ni Selby fún Kekek ní ìgbànú ìlẹ̀kẹ̀ kan, funfun gbòò, tí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú la ojú ọ̀nà méjì sí láàárín: ọ̀nà tiwọn àti ọ̀nà tiwa, tí wọn ò ní fi ara wọn sílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ tí kò ní ìgbànú ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́yìn, atẹ́gùn ni. Ó gbé e sọ́wọ́ Kekek, ó sì búra. Ó ní, "Àyè ọmọ yín ni mo jókòó sí. Ọba wa ò ní parí ìjà pẹ̀lú Ọlọ́bẹ-Gígùn láìjẹ́ pé Ẹnu Odò padà sọ́wọ́ yín. Bí mo bá jẹ́ kí wọ́n já yín sílẹ̀, kí n má jẹ́ Wasamo mọ́." Ẹnu mi yìí ni ìbúra náà gbà kọjá.

Kò tán síbẹ̀. Nígbà tí ewé wọ́ tán, tí omi kò tíì dì, àwọn Ọlọ́bẹ-Gígùn fúnra wọn fi tábà ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní ká fi ogun sílẹ̀, ká padà sí Ẹnu Odò, ká gbin àgbàdo wa, àwọn ò ní yọ wá lẹ́nu. Wọ́n ránṣẹ́ kan náà sí àwọn ìbátan wa tó wà lódò kejì. Àwọn yẹn gbà, wọ́n sì kó lọ sílé. Kekek náà fẹ́ gbà. Selby ló gba omi tútù kọjá wá bẹ̀ ẹ́. "Baba, ẹ má fi èmi nìkan sílẹ̀. Ẹ dúró tì mí di ìgbà ìrúwé." Ni Kekek bá dá tábà padà. Ó ní, "Bí ọmọ bá ní kí n dúró ti òun, ṣé kí n máa lọ ni?"

Bí a ṣe gúnlẹ̀ ní Erékùṣù Ìjàpá, èmi àti ìyá mi gba ilé Selby lọ nínú odi. Àwọn sójà ń gbé àpótí jáde bí ẹni tó fẹ́ ṣílé. Selby dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ìyá mi wò ó látòkè délẹ̀, bí àwọn ìyá ti ń ṣe.

"Wasamo, o ti rù. Ṣé wọn ò fún ọ lóúnjẹ ni?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò wojú rẹ̀. Ìyá mi kó bàtà fún un. Ó dúpẹ́, ó gbé e sórí tábìlì, kò wọ̀ ọ́ wò. Ó béèrè bóyá ọ̀nà dáa. A ní ọ̀nà dáa. A jókòó, a sì ń retí.

Oúnjẹ là ń retí. Kò sí ilé Odawa kan tí ìyá á wọ̀, tí ọmọ rẹ̀ ò ní fún un ní nǹkan fi sẹ́nu. Bó jẹ́ omi ẹja lásán, ó tó. Ìkòkò wà lórí iná. Mo rí i, ìyá mi náà rí i. Nígbà tó pẹ́, ìyá mi tú ṣúgà tirẹ̀, ó bù ú sínú àwo Wasamo, ó gbé e fún un. Ó mú ẹyọ kan, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Ìyá mi nu àwo náà, ó dá a padà sínú àpò.

Bí a ṣe ń jáde lọ, Selby di apá mi mú.

"Kinoje, nípàdé ọ̀la, rọra máa sọ ọ̀rọ̀ mi fún wọn."

"Ṣé ọ̀rọ̀ rẹ le ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Sáà rọra sọ ọ́."

Níta, ìyá mi béèrè ohun tó sọ. Mo ní ó ní kí n rọra sọ̀rọ̀ lọ́la. Ó dúró lójú ọ̀nà.

"Ta ló ń rọra sọ ọ̀rọ̀ ayọ̀?" ló wí, ó sì ń lọ.

Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn àgbà pé jọ sétí omi yí Kekek ká. Nabek ti rìn kiri inú odi, ojú rẹ̀ ò sì ní ẹ̀rín mọ́. Ó ní ẹ̀tù ìbọn ni wọ́n ń kó sínú ọkọ̀, wọ́n tún ń yí àwọn ìbọn ńlá bọ̀ látorí òkè, ìlà oòrùn sì ni gbogbo ọkọ̀ náà kọjú sí.

"Ẹnu Odò ò sí ní ìlà oòrùn," ló wí. "Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin bàbá. Wọ́n ṣí ẹnubodè sílẹ̀ nítorí ẹrù tí wọ́n ń kó. A pọ̀ jù wọ́n lọ. Ká wọlé báyìí bí ẹni tó wá kí ni, ká gba odi náà láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Bí odi bá ti wà lọ́wọ́ wa, ọba méjèèjì á mọ̀ pé àwa náà yẹ lẹ́ni tí à ń bá sọ̀rọ̀."

Àwọn kan mi orí. Ó dá mi lójú pé bí Kekek bá gbà ni, à bá ṣe é, bóyá à bá sì wà ní Ẹnu Odò lónìí. Ṣùgbọ́n Kekek gbé ìgbànú ìlẹ̀kẹ̀ náà lé itan, ó ń fọwọ́ pa á.

"Ọmọ àbúrò mi wà nínú odi yẹn, Nabek."

"Ọmọ àbúrò yín wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Ẹnu Odò, Baba."

"Pa ẹnu mọ́." Kekek kò pariwo. "Èèyàn lè da ọba rẹ̀. Èèyàn lè da ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń jẹun nínú àwo òkú tí yóò da òkú náà? Wasamo kú nítorí rẹ̀, ó sì mọ̀. A ó gbọ́ tẹnu rẹ̀ lọ́la."

Ìyá mi jókòó sẹ́yìn níbi tí àwọn obìnrin wà. Mo wojú rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, orí pápá tó wà níwájú odi ni wọ́n tẹ́ ẹní sí fún wa. Wọ́n ti to ẹ̀bùn kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kúbùsù, ìkòkò, àáké, ó pọ̀ ju bí wọ́n ti ń fún wa tẹ́lẹ̀. Selby jáde wá nínú aṣọ pupa rẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán, bàtà sójà ló sì wọ̀. A gbé ìkòkò tábà tí à ń fà kí ọ̀rọ̀ òtítọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tó kàn án, ó fẹnu kàn án lásán, ó gbé e fún ẹni tó kàn.

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní Baba wa ọba kí wa, inú rẹ̀ dùn sí ìwà akínkanjú tí a hù. Mo sọ ọ́. Ó ní ogun ti parí, ọba wọn àti àwọn Ọlọ́bẹ-Gígùn ti bọ ara wọn lọ́wọ́. Mo sọ ìyẹn náà, àwọn àgbà sì fi ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀fun gbà á. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Wọ́n ti fẹnu kò pé kí gbogbo nǹkan padà sí bó ti wà kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Odi yìí àti erékùṣù yìí, a ó kó wọn fún àwọn Ọlọ́bẹ-Gígùn. Àwa ń lọ sí erékùṣù mìíràn ní ìlà oòrùn."

Mo wò ó bóyá ó ṣì máa fi nǹkan kún un.

"Sọ ọ́," ló wí.

Mo sọ ọ́. Mo gbìyànjú láti rọra sọ ọ́ bó ti ní kí n ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò níbi rírọ̀.

Kekek ò dìde. "Ẹnu Odò ńkọ́?"

"Abẹ́ àwọn Ọlọ́bẹ-Gígùn ló wà. Wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn á ṣe dáadáa sí yín, bí ẹ bá fi ìjà sílẹ̀."

"Ta ló jókòó fún wa níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ yìí?"

"Àwọn ońṣẹ́ ọba sọ̀rọ̀ nítorí yín."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́, ọmọ mi. Mo ní ta ló jókòó fún wa."

Selby wo ilẹ̀. "Kò sí."

Kekek mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó wá béèrè èyí tí kò sí nínú wa tó fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀. "Nígbà tí tábà àwọn Ọlọ́bẹ-Gígùn dé ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, tí o gba omi tútù wá bẹ̀ mí. Ṣé o ti mọ̀ nígbà yẹn?"

Mo túmọ̀ rẹ̀, inú mi sì ń gbàdúrà pé kó purọ́. Bóyá nítorí pé ó jẹ ẹja ìyá mi rí ni kò ṣe purọ́.

"Ó ti tó mi létí pé wọ́n ti jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yín," ló wí. "Àṣẹ tí wọ́n fún mi ni pé kí n má jẹ́ kí ẹ lọ, kí odi yìí má bàa bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́."

Nabek ti fẹ́ dìde, ọwọ́ rẹ̀ ti kan àáké. Kekek kàn gbé ọwọ́ lé e léjìká, Nabek sì jókòó padà. Kekek fúnra rẹ̀ ló dìde. Ó na ìgbànú ìlẹ̀kẹ̀ náà jáde.

"Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́ yìí. Àwọn ará odò kejì wà nílé wọn, wọ́n ń gbin àgbàdo lọ́wọ́ báyìí. Àwa tí a ní ọmọ nínú odi, àwa la ò nílé. Ta ló fún mi ní èyí?"

"Sójà ni mí, Baba," ni Selby wí. "Ọ̀gá mi ní ọ̀gá. Bó bá jẹ́ tèmi ni..."

Kò parí rẹ̀, nítorí ìyá mi ti dìde láàárín àwọn obìnrin. Obìnrin kì í sábà sọ̀rọ̀ nírú ìjókòó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dá a dúró. Ó gbé àpò rẹ̀ dání.

"Kinoje, bá mi bi í. Ta ló ń bá wa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀? Ṣé Wasamo ni, àbí Aláṣọ-Pupa?"

Gbogbo wa la mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni ìyá mi ṣí fún un yẹn. Bó bá ní Wasamo ni òun, kó sọ̀kalẹ̀ wá jókòó lórí ẹní wa, kó sì bá wa pín nínú ìyà tó kó bá wa. A ó bínú sí i, bóyá Nabek á gbá a létí, ṣùgbọ́n ọmọ wa ni yóò ṣì jẹ́. Mo túmọ̀ ìbéèrè náà, mo sì fi tara mi kún un. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, jọ̀wọ́, rò ó kó o tó dáhùn."

Ó wo àwọn sójà tó tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó wo aṣọ ọrùn rẹ̀.

"Sójà ọba ni mo jẹ́ níbí lónìí, ìyá."

Mo sọ ọ́. Ìyá mi ní, "Ó dáa."

Ó rìn lọ bá a. Mo rò pé Selby rò pé ó fẹ́ dì mọ́ òun ni, nítorí ó na ọwọ́ díẹ̀. Ìyá mi yọ àwo igi náà nínú àpò, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ lé e níwájú orí, ó fà á bọ̀ lójú, láyà, títí dé bàtà, níbi gbogbo tí ó ti wẹ̀ fún un létí omi.

"Wasamo, ọmọ mi," ló wí, ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó ń jí ọmọdé. "Jáde kúrò lára ọkùnrin yìí. Ó ti tó. Máa bọ̀ nílé."

Ó bu eérú níbi iná ìkòkò tábà, ó fi kun ojú rẹ̀. Ìgbà náà ló tó ké, irú igbe tí ó ké nínú igbó lọ́jọ́ tí Wasamo kú, kò yàtọ̀ rárá. Kekek ju ìgbànú ìlẹ̀kẹ̀ náà sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, òun náà bu eérú. "Wasamo, ọmọ ìdílé Idì, ìwọ tí orúkọ rẹ ń jẹ́ mànàmáná, tó padà sínú igbó lọ gbé ẹni ẹlẹ́ni. Wasamo, ọmọ Ẹnu Odò tí kò ní Ẹnu Odò mọ́." Gbogbo àgbà tú irun wọn. Nabek tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkọ̀ ló sunkún jù. A ti sin ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kan, mo sì rò pé mo ti sunkún rẹ̀ tán. Irọ́ ni.

Bí wọ́n ti ń sunkún ni wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí ọkọ̀. Kò sí ẹni tó wo ibi tí ẹ̀bùn wà, àní àwọn ọmọdé kò wò ó. Ó ku èmi nìkan láàárín pápá, nítorí àárín ni ibi tí mo máa ń dúró.

"Kí ni wọ́n ń ṣe?" ni Selby bi mí.

"Òkú ni wọ́n ń sunkún."

"Ta ló kú?"

"Wasamo."

Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wo àwo tó dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó gbá mi mú léjìká.

"Kinoje, àbúrò mi ni ọ́. Sáré bá wọn. Bá mi sọ fún wọn pé mi ò yí padà. Bá mi sọ fún ìyá."

Ohùn ìyá mi ń bọ̀ láti etí omi, ó ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo yọ ọwọ́ ọkùnrin náà kúrò léjìká mi, mo sì bi í bí mo ti máa ń bi àlejò tí mi ò rí rí, kí n tó gba iṣẹ́ jẹ́ fún un.

"Ọ̀gbẹ́ni, kí lorúkọ yín?"